Páànù Tí Ìjì Ṣí Lọ: Ta Ni Yóò Dá A Padà?

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé ní ìhà gúúsù Èkìtì rí ni ó mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń dé. Ooru yóò mú láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ojú ọ̀run níhà ìlà-oòrùn yóò dúdú bí aró. Ewúrẹ́ àti adìẹ yóò ti sá wọ abẹ́ ilé kí ènìyàn tó mọ ohun tí ń bọ̀. Ìjì ni yóò kọ́kọ́ dé, òun àti eruku, kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó bọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn yìnyín a bá a wá, àwọn ọmọdé a sì sáré jáde láti ṣà á jẹ. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọ̀run bá fi máa là, páànù ilé ẹnìkan ní Ìkẹ́rẹ́ lè ti wà lórí igi ọsàn ẹlòmíràn, iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Emùré lè ti di gbangba, opó kan ní Ìsẹ̀ a sì máa fi agolo gbọ́n omi kúrò nínú iyàrá tí ó ti sùn mọ́jú.

Kì í ṣe ìròyìn tuntun ni a ń sọ yìí. Ọdọọdún ni, láti oṣù kejì tàbí oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e náà kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ kejì àwọn ènìyàn pàtàkì yóò fi mọ́tò dé. Wọn yóò gbójú sókè wo ibi tí òrùlé wà rí. Wọn yóò kẹ́dùn. A ó ya àwòrán wọn. Bí oríire bá wà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrẹsì, tìmùtìmù àti bọ́ńdù páànù díẹ̀ yóò dé fún àwọn tí orúkọ wọn bọ́ sínú ìwé. A kò kẹ́gàn ìrẹsì. Ẹni tí ebi ń pa nínú ilé tí kò ní òrùlé yóò dúpẹ́ fún un. Ohun tí a ń sọ ni pé a kì í fi ìrẹsì bo ilé, àti pé ohun tí a fi àánú fúnni lónìí ni a lè fi dunni lọ́la, tí ẹni tí a fi dù kò sì ní ibi tí yóò pè wá lẹ́jọ́ sí.

Èrò tiwa, tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń sa ipá yín nínú òṣèlú, bá wa gbé yẹ̀ wò, ni èyí: ó tó àkókò kí Ìpínlẹ̀ Èkìtì dá àpò ìnṣọ́ránsì ìjì sílẹ̀ fún àwọn onílé tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kankan kò fẹ́ gbà. Kí onílé máa san tirẹ̀ lọ́dọọdún, kí ìjọba sì dúró lẹ́yìn àpò náà ní ọdún tí ìjì bá ju agbára rẹ̀ lọ. Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn bàbá wa kò mọ ọ̀rọ̀ náà, ìnṣọ́ránsì, tí àwọn kan ń pè ní adójútòfò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ewé gbọ̀dọ̀gì àti koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé, bí ìjì bá ṣí òrùlé Lágbájá, kì í ṣe Lágbájá nìkan ni ó ni ìyọnu náà. Yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ yóò wá. Ẹni tí ó lè gun òkè yóò gùn ún, ẹni tí ó lè ru koríko yóò rù ú, onílé yóò sì fi iyán àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Kí oòrùn tó wọ̀, ilé ti bò. Òógùn nìkan ni ó ná wọn, nítorí inú igbó ni gbogbo ohun èlò rẹ̀ wà. Páànù ni ó da ètò yẹn rú. Kì í ṣe pé páànù kò dára. Owó kòkó ni ó mú un wọ ọ̀pọ̀ ìlú wa, a sì yọ̀ pé a kúrò lábẹ́ koríko tí iná lè jó ní wéré. Ṣùgbọ́n a kì í já páànù nínú igbó. Ọ̀wẹ̀ lè bá ènìyàn gbé páànù gun òkè, kò lè bá a rà á. Láti ìgbà náà ni ìyọnu tí ó jẹ́ ti àdúgbò ti di ti ẹnìkan.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé kì í ṣe nítorí irú èyí ni ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ṣe wà? Òótọ́ ni. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá ra ìnṣọ́ránsì iná fún ilé rẹ̀ lè fi owó díẹ̀ kún un kí wọ́n ka ìjì àti ọ̀gbàrá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ó ń rà á: báńkì, ilé epo, ilé ìtura, àwọn ọlọ́rọ̀ tí ilé wọn wà ní ìlú ńlá. Gbogbo owó tí a ń san sí ìnṣọ́ránsì ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ń pèsè. Bàbá àgbẹ̀ tí ó fi owó kòkó kọ́ ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́fà sí Ìsẹ̀ ní ọdún 1968, tí kò ní ìwé lórí rẹ̀ ju èyí tí àwọn ẹlẹ́rìí tẹ àtàǹpàkò sí lọ, kò sí aṣojú ilé-iṣẹ́ kan tí yóò wá a dé ẹnu ọ̀nà.

A kò fẹ́ dá àwọn ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Owó epo tí aṣojú yóò fi wá wo ilé bàbá yìí lè ju ohun tí bàbá yóò san lọ́dún lọ. Ìṣòro kejì sì tún wúwo ju èyí lọ. Iná a máa jó ilé kan kí ó sì fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní igba oníbàárà ní àdúgbò kan náà lè rí ọgọ́rùn-ún nínú wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń ṣòwò yóò sá fún irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá, kì í sì í ṣe òtòṣì nìkan ni a ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ìjì òkun líle kan tí wọ́n sọ ní Celia kọlu etíkun wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 1970. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń fà sẹ́yìn kúrò létí òkun, àwọn aṣòfin Texas kò pín ìrẹsì. Ní ọdún 1971 wọ́n ṣe òfin tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Texas Windstorm Insurance Association lónìí. Dandan ni kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ìnṣọ́ránsì ilé ní ìpínlẹ̀ náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjì àti yìnyín nìkan ni ó ń bójú tó, kò ka ọ̀gbàrá mọ́ ọn. Ẹkùn 14 tí ó wà létí òkun àti apá kan ẹkùn mìíràn ni iṣẹ́ rẹ̀ dé. Onílé tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ti kọ òun. Ilẹ̀kùn ìkẹyìn ni, tí a ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí gbogbo ilẹ̀kùn ti sé mọ́. Ilé tí a bá sì kọ́ tàbí tí a tún ṣe láti ọdún 1988 gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí pé a kàn án gẹ́gẹ́ bí òfin ìkọ́lé ti ìjì ti là á sílẹ̀.

Kò lọ geere fún wọn. Lẹ́yìn ìjì Ike ti ọdún 2008, owó àpamọ́ ẹgbẹ́ náà tán, ẹjọ́ sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ní ọdún 2009 àwọn aṣòfin ní láti tún òfin ṣe kí ó lè máa yá owó. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Àpò tí a bá dín owó rẹ̀ kù kí inú àwọn olùdìbò lè dùn yóò ṣófo lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

A mọ̀ pé Èkìtì kò ní òkun, ìjì wa kò sì tó ìjì Texas. Ṣùgbọ́n ilé wa náà kò tó ilé wọn. Àwọn ará wa tí ó wà létí òkun gan-an, ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, wà nínú ìyọnu mìíràn, nítorí òkun ń gbé ilé wọn lọ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í dá ilẹ̀ padà. Odi òkun ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ìnṣọ́ránsì, nítorí ohun tí ó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ènìyàn kò ṣeé dá owó fún lọ́nà yìí. Ti Èkìtì yàtọ̀. A mọ̀ pé ìjì yóò fẹ́ lọ́dún tí ń bọ̀. Òrùlé ta ni yóò ṣí ni a kò mọ̀. Níbi tí a kò ti mọ ẹni tí ó kàn ni ó ti bọ́gbọ́n mu kí gbogbo wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ lásán. Ẹ̀yin olùkọ́ lè kọ ọ́ sójú pátákó. Bí ẹgbẹ̀rún kan onílé bá ń dá ₦1,000 lóṣù, ₦12,000 ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́dún, mílíọ̀nù 12 náírà sì ni ti gbogbo wọn. Bí ìjì bá ba ilé 20 jẹ́, tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦500,000, mílíọ̀nù 10 ti lọ, mílíọ̀nù 2 kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé 60 ńkọ́? Mílíọ̀nù 30 ni a ń wá, mílíọ̀nù 12 ni ó wà nílẹ̀. Níbẹ̀ ni àjọ àdúgbò ti máa ń túká, tí akápò a sì di ẹni tí kò lè gba ọjà kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí ó wà ní Èkìtì ni ó para pọ̀ dá àpò kan, ìjì tí ó bá ja Emùré kì í sábà ja Ìdó àti Ọ̀yẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Owó ibi tí ìjì kò dé ni a ó fi tún ibi tí ó dé ṣe. Ọdún tí kò bá sì tó síbẹ̀, ìjọba yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí òfin ti là á sílẹ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àánú ti ṣe é.

Ìjọba wa kò ṣàì mọ ọ̀nà yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò ìnṣọ́ránsì fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tí Nigerian Agricultural Insurance Corporation wá ń bójú tó. Bí a ti ṣe ètò rẹ̀, ìdajì owó tí ó yẹ kí àgbẹ̀ san lórí àwọn ohun ọ̀gbìn kan, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni yóò bá a san án, ìjì sì wà lára àwọn ewu tí ètò náà kà. Ẹ wo nǹkan! Bí ìjì kan náà bá gba oko àgbàdo bàbá kan kọjá, tí ó sì lọ ṣí páànù ilé rẹ̀, ọ̀nà wà nínú òfin fún àgbàdo, kò sí fún ilé. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ nípa ètò yìí, a ó sì fi ọjọ́ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí èyíinì. Ohun tí ó kàn wá lónìí ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ mọ́ pé kò yẹ kí ìjọba fi owó sí ìnṣọ́ránsì aráàlú.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó fi ọwọ́ ara wọn bá ìjọba kọ́ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni ìlú kékeré máa ń fi han àlejò, bí ìlú ńlá ti ń fi ààfin hàn. Ilé gígùn ni, fèrèsé rẹ̀ pọ̀, àárín pápá ni ó sì máa ń wà. Kò sí ilé tí ó rọrùn fún ìjì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di oníwèé ìròyìn. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní í dárúkọ, ìjì ṣí òrùlé kíláàsì kẹrin nígbà tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Bí ó bá ṣe pé ọjọ́ Ẹtì ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa kọ. A kó kíláàsì kẹrin mọ́ ìkarùn-ún, ọmọ 70 nínú iyàrá kan, olùkọ́ méjì tí ó fi ẹ̀yìn kọ ara wọn, ọ̀kan ń kọ́ni ní ìṣirò, èkejì ń kọ́ni ní ìwé kíkà, àwọn ọmọ tí ó wà láàárín kò sì mọ èyí tí wọn ì bá gbọ́. Ẹgbẹ́ àwọn òbí dá owó. Owó náà tó páànù, kò tó igi. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin náà ti dé ìkẹfà kí a tó kan òrùlé yẹn tán. Ohun tí wọn kò kọ́ ní àárín ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún padà wá kọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin sì wà. Òfin Ìnṣọ́ránsì ti ọdún 2003, ní abala 65, pa á láṣẹ pé gbogbo ilé tí aráàlú ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì nítorí wíwó, iná, ilẹ̀ mímì, ìjì àti ọ̀gbàrá; ó ka ibi tí a ti ń gba ẹ̀kọ́ àti ibi tí a ti ń gba ìtọ́jú mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2025 òfin tuntun rọ́pò ti 2003, kò sì sọ ẹrù yìí kalẹ̀ fún àwọn tí ó ni ilé náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹni tí ó wà nínú ilé ni òfin 2003 ń gbèjà: ọmọ tí páànù bá ṣá lọ́wọ́, olùkọ́ tí ìtì igi bá wó lù, ẹrù ẹni tí ó bá bàjẹ́. Kò fi dandan lé e pé kí a san owó òrùlé fún ẹni tí ó ni ilé. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá tilẹ̀ pa òfin mọ́ pátápátá lè wà láìní òrùlé síbẹ̀. Àlàfo yìí gan-an ni a fẹ́ kí àpò ìpínlẹ̀ dí.

Àpò nìkan kò tó, bí káfíńtà kò bá yí ọwọ́ padà. Ìjì kì í ti òrùlé láti òkè. Abẹ́ ni ó ń gbà gbé e. Bí ó bá rí fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, tàbí etí òrùlé tí ó gùn jáde jù, yóò ṣí i bí ẹni ṣí ọmọrí ìkòkò. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣó tí ó jìnnà síra, igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, pákó orí ògiri tí a kò so mọ́ nǹkan kan: bí a ti ń kọ́ ọ lóde òní nìyẹn. Irin tí a rì sínú ògiri tí a sì fi di igi òrùlé mú, ìṣó tí ó súnmọ́ra létí òrùlé àti lókè téńté rẹ̀, kò ná ènìyàn tó páànù tuntun. Àwọn igi tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ máa ń mú ọmọ gbìn yí ilé ẹ̀kọ́ ká náà, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Níbi tí a bá ti gé wọn, ojú ìjì ti là. Kí àpò náà má gba ilé kankan wọlé kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tó gun òkè wo ìṣó rẹ̀, kí owó ẹni tí ó bá so òrùlé rẹ̀ dáradára sì kéré sí ti aládùúgbò rẹ̀ tí kò so ó.

Àwọn kan yóò sọ pé ta ni yóò tún kó owó rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. A kò bínú sí wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ pé kí owó náà má wọ inú àpò ìjọba rárá. Kí ó ní àkáǹtì tirẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n ti mọ bí a ti ń gba owó kékeré lóṣooṣù lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti olùkọ́, máa bá a gbà á. Kí aṣojú wọn àti ti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ jókòó sórí ìgbìmọ̀ rẹ̀. Kí a sì máa lẹ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá gba owó mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, kí Ìkẹ́rẹ́ mọ ti Ìkẹ́rẹ́, kí Emùré mọ ti Emùré. Opó tí kò bá lè san gbogbo rẹ̀, kí ìjọba bá a san ìdajì, bí ètò ti àgbàdo ti rí.

Olóṣèlú mìíràn yóò fẹ́ràn bọ́ńdù páànù ju èyí lọ, nítorí ara páànù ṣeé kọ orúkọ sí, ìwé ìnṣọ́ránsì kò ṣeé gbé yí ìlú ká nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ̀yin ni ẹ lè bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kọ́kọ́ gba owó àpò yìí lórí ilé tí ìjì kò fọwọ́ kàn, àpò náà ti kú. Ìjì kò béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣí páànù.

Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì tó gbé àbá òfin kankan kalẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kò gba owó: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba mélòó ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì ni ó ní ìwé ìnṣọ́ránsì tí òfin béèrè, tí ìjì sì wà nínú rẹ̀? Ọjọ́ wo ni ìwé náà ń tán? Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò ní láti dúró de aṣòfin. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ yín kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé ti ilé ẹ̀kọ́ yín. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ síbí.